Wákàtí Òṣìṣẹ́: Ta Ló Ń Kọ Ọ́, Ta Ló Ń Kà Á?

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí nílé ẹ̀kọ́ ìjọba, ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ní sẹkitéríàtì nílẹ̀ Yorùbá mọ ilà pupa. Réjísítà á wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, bírò á so mọ́ ọn kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Bí aago mẹ́jọ bá ti kọjá, tí wọ́n sì ti fi ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣàánú àwọn tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dá dúró, ọ̀gá á mú bírò pupa, á fa ilà kan la ojú ìwé náà kọjá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lókè ilà ti bọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá sáìn sísàlẹ̀ rẹ̀ ti pẹ́ dé, kúẹ́rì lè bá a lórí ìjókòó kí ọ̀sán tó pọ́n.

Apá ti òwúrọ̀ nìyẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Apá ti ìrọ̀lẹ́ ni a kì í sábà yẹ̀ wò. Nínú ọ̀pọ̀ réjísítà, ibi tó yẹ kí òṣìṣẹ́ kọ aago tó lọ sílé sí máa ń ṣófo ni, tàbí kí gbogbo wọn kọ 4:00 síbẹ̀ bí ẹni ń kọ orin. Ẹni tó yọ́ lọ ní aago méjì láti lọ mú ọmọ níléèwé kọ 4:00. Ẹni tó jókòó títí di aago méje nítorí pé ọ̀gá ò tíì dìde náà kọ 4:00. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé tó yẹ kó jẹ́rìí sí iṣẹ́ tí a ṣe ṣe di ìwé tí wọ́n fi ń mú ẹni tó pẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwé owó ni ìwé wákàtí, bí ìwé báńkì gan-an ló ṣe rí. Owó oṣù, ófátáìmù, ọjọ́ ìsinmi, àní ìlera ara pàápàá, inú rẹ̀ ni ìṣirò wọn wà. Ẹ̀rọ ti wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bírò pupa ní ọ̀pọ̀ ibi báyìí: a ń tẹ̀ka, a ń fi káàdì kan ẹ̀rọ, a ń tẹ fóònù láti fi hàn pé a ti dé. Ní ìparí oṣù, kọ̀ǹpútà á kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú ìwé kan, á fi ránṣẹ́ sí akáńtà. Òṣìṣẹ́ tó ni wákàtí náà ni kì í sábà rí i. Níbẹ̀ ni ìjà mi wà.

Aago ẹnu géètì

Àríyànjiyàn yìí ti pẹ́. Kí ẹ̀rọ tó dé, akọ̀wé kan ló máa ń jókòó sẹ́nu géètì ilé iṣẹ́, tí á máa kọ orúkọ ẹni tó ń wọlé. Akọ̀wé yìí lọ́rẹ̀ẹ́, ó lọ́tàá, aago tirẹ̀ sì ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń tẹ̀ lé. Ní 1888, Willard Bundy, ọkùnrin kan tó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ nílùú Auburn ní ìpínlẹ̀ New York, ṣe aago kan tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fún, tí nọ́ńbà wà lára kọ́kọ́rọ́ náà. Òṣìṣẹ́ á ki kọ́kọ́rọ́ bọ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì tẹ nọ́ńbà rẹ̀ àti aago tó wọlé sórí bébà. Nígbà tó di 1894, Daniel Cooper ti ìlú Rochester gbé ti káàdì jáde. Ilé iṣẹ́ Bundy dà pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, wọ́n ń yí orúkọ padà, títí tí gbogbo rẹ̀ fi di ara ilé iṣẹ́ tó ń jẹ́ IBM láti 1924. Ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé mọ̀ yẹn, aago ẹnu géètì wà lára ọjà tí wọ́n fi ṣòwò dé ibi tí wọ́n wà.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ra aago náà kí apá wọn lè ká ẹni tó ń pẹ́. Àmọ́ àwọn òṣìṣẹ́ náà ò sùn. Kí aago Bundy tó dé pàápàá, ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, 1886, wọ́n da iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú l'Amẹ́ríkà, wọ́n ní wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ti tó. Ìjà yẹn wà lára ohun tó sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ òṣìṣẹ́ tí àwa náà fi ń sinmi. Ní 1919, àdéhùn àkọ́kọ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé, ILO, ṣe fi wákàtí 8 lóòjọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ lélẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àfẹ̀rọṣe. Àdéhùn kan náà ló ní kí agbanisíṣẹ́ máa kọ gbogbo wákàtí tó bá lé sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mọ̀ pé ìlérí wákàtí mẹ́jọ láìsí àkọsílẹ̀, ẹnu lásán ni.

Ẹjọ́ kan tó fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà ní 1946. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìkòkò amọ̀ kan ní Mount Clemens, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ló pè é: wọ́n ní àkọsílẹ̀ tí ilé iṣẹ́ fi ń sanwó kò kó gbogbo àkókò tí àwọn fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé ẹjọ́ ní agbanisíṣẹ́ ni òfin di ẹrù àkọsílẹ̀ lé lórí. Bí àkọsílẹ̀ rẹ̀ bá mẹ́hẹ, òṣìṣẹ́ lè fi ẹ̀rí tó bá ọgbọ́n mu sọ iye wákàtí tó ṣe, ó kù sọ́wọ́ agbanisíṣẹ́ láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní èdè tiwa, ẹni tí kò kọ ọ́ sílẹ̀ kò lè fi àìkọsílẹ̀ rẹ̀ jẹ òṣìṣẹ́ níyà.

Ní Yúróòpù, ọ̀rọ̀ náà tún jí ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, 2019. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ CCOO ní Sípéènì gbé ẹ̀ka báńkì Deutsche Bank tó wà níbẹ̀ lọ sílé ẹjọ́ pé kò ṣètò bí wọn yóò ṣe máa ka wákàtí tí òṣìṣẹ́ ń lò lóòjọ́. Ilé Ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá a pé gbogbo orílẹ̀-èdè abẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú kí agbanisíṣẹ́ ní ètò tó ṣeé fọkàn tán, tí ọwọ́ sì lè tó, láti máa fi ka wákàtí iṣẹ́. Sípéènì fúnra rẹ̀ ti ń mú un lò láti ọjọ́ méjì ṣáájú: ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ aago tí òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ àti aago tó parí, kó sì tọ́jú ìwé náà fún ọdún mẹ́rin. Ilé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ Jámánì tẹ̀ lé e ní 2022.

Ohun tí òfin tiwa sọ

Òfin Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Labour Act, tó ti wà láti 1974, kò ní kí ẹnikẹ́ni máa ṣe wákàtí mẹ́jọ. Ohun tó sọ ní abala kẹtàlá ni pé àdéhùn láàárín agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́, tàbí èyí tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ bá bá wọn ṣe, tàbí ìgbìmọ̀ owó iṣẹ́, ni yóò sọ iye wákàtí. Èyí tó bá ti lé lórí iye náà, ófátáìmù ni. Ẹni tó bá ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ rí ìsinmi tí gbogbo rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Nínú ọjọ́ méje, ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ kan tí yóò fi sinmi fún wákàtí 24 gbáko. Abala keje ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí ọ̀rọ̀ wákàtí iṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ohun tí òfin yẹn kò sọ: kò sọ iye tí wọn yóò san fún wákàtí ófátáìmù kan. Òṣìṣẹ́ aláfọwọ́ṣe àti akọ̀wé ló sì wà fún, kì í ṣe máníjà. Àdéhùn ló gbé gbogbo rẹ̀ ró, ìwé wákàtí nìkan ló sì lè fi hàn bóyá ẹnikẹ́ni ń pa àdéhùn náà mọ́. Òṣìṣẹ́ tó bá dé iwájú Ilé Ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ láti gba ófátáìmù, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi í ni pé kí ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ẹ lọ wo àdúgbò ilé iṣẹ́ bí Àgbárá, Ọ̀tà tàbí Ìkẹjà. Òṣìṣẹ́ tó wà lórí ìwé ilé iṣẹ́ ní káàdì, ó ń tẹ̀ka. Káṣúà tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ pé inú ìwé kékeré ọwọ́ àgẹ́ǹtì ni orúkọ rẹ̀ wà. Àgẹ́ǹtì ló ń kọ ọjọ́ tó wá, òun ló ń sanwó fún un. Bí àgẹ́ǹtì bá ní ọjọ́ mẹ́rìnlá lo wá, tí ìwọ ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ni, ìwé ta ni ẹ fẹ́ yẹ̀ wò? Òṣìṣẹ́ ń bẹ lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ ń bẹ ní ìbòòji: inú irú ìwé tí ẹnì kan ṣoṣo ń kọ, tó sì ń kà, ni òwe yẹn ti ń ṣẹ.

Bí a ṣe ń ka ojú ìwé kan

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé iṣẹ́ búrẹ́dì. Àdéhùn rẹ̀ ni aago mẹ́wàá alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀, pẹ̀lú wákàtí kan fún ìsinmi, ìyẹn wákàtí méje iṣẹ́. Ìwé oṣù rẹ̀ ní ojú ìlà fún ọjọ́, aago ìwọlé, aago ìjáde, ìsinmi, àròpọ̀ àti ófátáìmù. Ó mọ́ tónítóní lójú. Ibi tó mọ́ yẹn ni owó ti ń jò.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀gànjọ́ òru. Bí wọ́n bá ṣètò ẹ̀rọ náà láti ti ìwé ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ní aago méjìlá òru, ó lè rí ìwọlé ọjọ́ Ajé láìrí ìjáde, kó rí ìjáde ọjọ́ Ìṣẹ́gun láìrí ìwọlé. Kọ̀ǹpútà á kọ òdo sí ọjọ́ méjèèjì. Akọ̀wé tí kò bá fara balẹ̀ á rò pé ọkùnrin náà gbàgbé láti tẹ̀ka, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ààrò ló wà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Èkejì ni ìsinmi. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ máa ń yọ wákàtí kan kúrò fúnra wọn, bí òṣìṣẹ́ sinmi o, bí kò sinmi o. Ẹni tí ìyẹ̀fun ń wú níwájú rẹ̀ kò lè fi í sílẹ̀ lọ jókòó. Bí kò bá sí ibi tó ti lè sọ pé "mi ò rí ìsinmi lálẹ́ àná", ìwé á sọ pé ó sinmi ní gbogbo alẹ́ ayé rẹ̀.

Ẹ̀kẹta kéré lójú, ó sì burú ju gbogbo rẹ̀ lọ: ìṣirò ìṣẹ́jú. Wákàtí kan kì í ṣe ìṣẹ́jú ọgọ́rùn-ún, ọgọ́ta ni. Wákàtí méje àti ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta jẹ́ 7.75 lójú kọ̀ǹpútà. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ bá kọ ọ́ sí 7.45, ó ti jẹ ìṣẹ́jú 18 òṣìṣẹ́ náà. Fún ọjọ́ 26 nínú oṣù, ìṣẹ́jú 468 nìyẹn, wákàtí méje àti ìṣẹ́jú 48. Ọkùnrin búrẹ́dì wa ti ṣe ju iṣẹ́ odindi alẹ́ kan lọ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ jí i.

Ẹ̀kẹrin ni sísún aago. L'Amẹ́ríkà, òfin gbà kí agbanisíṣẹ́ sún aago sí ìdá mẹ́rin wákàtí tó sún mọ́ ọn jù, bí ó bá jẹ́ pé nígbà tó bá pẹ́, kò ní ṣe òṣìṣẹ́ ní èrú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ṣe ń wọ ọ̀rọ̀. Bí ẹni tó dé ní 7:53 bá di 8:00, tí ẹni tó dé ní 8:03 di 8:15, apá kan ṣoṣo ni aago yẹn ń sún sí.

Ẹ̀karùn-ún ni àtúnṣe. Òṣìṣẹ́ máa ń gbàgbé láti tẹ̀ka, iná máa ń lọ, ẹ̀rọ máa ń yọnu, nítorí náà súpáfáísọ̀ gbọ́dọ̀ lè tún ìwé ṣe. Ìwé tó dára á fi hàn kedere: ohun tí ẹ̀rọ kọ lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí wọ́n yí i sí, ẹni tó yí i, àti ìdí rẹ̀. Èyí tí aago á kàn yí padà láìsí ojú àpá, ẹ má gbà á gbọ́.

Ọ̀gá tó bá mọ ìwé kà náà á jèrè níbẹ̀. Bí ófátáìmù bá ń ga ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì lọ́dọ̀ àwọn mẹ́ta kan náà, ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ tó ń kó ẹrù wá kì í dé títí aago mẹ́ta ọ̀sán. Tún ti ọkọ̀ ṣe, owó ófátáìmù á dín láìjẹ́ pé o fìyà jẹ ẹnì kankan. Bí gbogbo ẹni tó ń ti Mowé tàbí Ìkòròdú wá bá ń pẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kúẹ́rì kò lè tún ojú ọ̀nà ṣe, ṣùgbọ́n yíyí aago ìbẹ̀rẹ̀ wọn padà lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Ti ìlera tún wà níbẹ̀. Àjọ Ìlera Lágbàáyé àti ILO sọ ní 2021 pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún sún mọ́ àrùn rọpárọsẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ènìyàn bí 745,000 ni iṣẹ́ àṣejù wákàtí pa ní 2016, nípasẹ̀ àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Sọ̀bìyà yóò degbò, olúgánbe là á ké sí: ìwé wákàtí ló máa ń kọ́kọ́ fi hàn pé ẹnì kan ti ń pa ara rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Àwọn tiwa ní Ìlú Ọba

Ọ̀rọ̀ ìwé wákàtí le koko ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Ìlú Ọba. Ọmọ wa tó lọ kàwé fún dìgírì níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣe ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí iléèwé bá wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, láti ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Àìkú. Bí ibi iṣẹ́ méjì bá ń pè é, ó gbọ́dọ̀ ro ti méjèèjì pọ̀. Wákàtí kan tó bá lé, àdéhùn físà ló tàpá sí. Ẹni tó bá fi ọkàn kà á, láìkọ ọ́ sílẹ̀, ewu ló fi ń ṣeré.

Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó náà ní ti wọn. Ẹni tó ń ti ilé aláìsàn kan lọ sí èkejì, àkókò tó fi wà lójú ọ̀nà láàárín ilé méjèèjì wọ inú wákàtí tí òfin owó oṣù tó kéré jù ń kà. Síbẹ̀ bí ètò orí fóònù bá jẹ́ pé ìgbà tó bá wọlé aláìsàn nìkan ló ń ka aago, ojú ọ̀nà á di òfò. Ti ẹni tó ń sùn síbi iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní sleep-in, yàtọ̀: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá a ní oṣù kẹta, 2021, pé ìgbà tó bá ta jí láti ṣiṣẹ́ nìkan ni yóò wọ ìṣirò owó tó kéré jù yẹn. Nítorí náà, kí ẹni tí wọ́n bá jí ní aago méjì òru kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀: ìgbà tó dìde, ohun tó ṣe, ìgbà tó padà sùn. Láti oṣù kẹrin, 2019, ìwé owó ẹni tí owó rẹ̀ ń tẹ̀ lé wákàtí gbọ́dọ̀ fi iye wákàtí náà hàn. Kí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ, kí wọ́n wò ó bóyá wọ́n dọ́gba.

Ẹni tó da eérú

Àwọn òṣìṣẹ́ kan náà ń ṣe màgòmágó. "Jọ̀ọ́, bá mi sáìn" ti di orin ní ọ́fíìsì wa. Ẹlòmíì á sáìn tán, á gbé báàgì rẹ̀ sórí àga kí ẹ lè rò pé ó wà nítòsí, ó ti lọ sọ́jà. Ẹni tó bá da eérú ni eérú ń tọ̀: irú ìwà yìí ló fún agbanisíṣẹ́ lẹ́nu láti gbé ẹ̀rọ títẹ̀ka wá, tó tún fi ń fura sí olóòótọ́.

Ẹ̀rọ náà ní àléébù tirẹ̀. Ìka ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì tàbí tó ń fọwọ́ kan kẹ́míkà lójoojúmọ́ lè fá débi pé ẹ̀rọ ò ní dá a mọ̀. Á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, á máa láàgùn lẹ́nu géètì, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á máa pariwo, aago á sì ti kọjá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà mìíràn, káàdì tàbí nọ́ńbà, láìsí pé wọ́n ń fi ojú olè wò ó. Bẹ́ẹ̀ sì ni, bí káàdì bá sọnù, a lè gba òmíràn, ìka ò ṣeé pààrọ̀. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 ka irú àmì ara bẹ́ẹ̀ mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Ní Ìlú Ọba, ní oṣù kejì, 2024, àjọ tó ń ṣọ́ ìsọfúnni pàṣẹ fún Serco Leisure láti dẹ́kun fífi ojú àti ìka ka wákàtí àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,000, nítorí pé ilé iṣẹ́ náà kò fi hàn pé ó pọn dandan nígbà tí káàdì wà.

Ohun tó yẹ ká ṣe

Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, kò ná yín ní nǹkan kan láti fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìwé wákàtí rẹ̀ kí owó oṣù tó jáde, kí ẹ sì fún un láyè láti sọ ibi tí kò tọ̀nà. Awuyewuye tí ẹ bá yanjú kí owó tó jáde kì í di ẹjọ́. Ẹ jẹ́ kí káṣúà náà wà lórí ẹ̀rọ kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹ má fi í sílẹ̀ fún ìwé àgẹ́ǹtì. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè, ẹ nílò wọn bí wọ́n ṣe nílò yín.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, nígbà tí ẹ bá jókòó bá wọn ṣe àdéhùn, ẹ má fi mọ sórí iye owó. Ẹ kọ wákàtí sí i, ẹ kọ iye ófátáìmù sí i, ẹ kọ ọ́ sí i pé òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ìwé wákàtí rẹ̀.

Ìwọ òṣìṣẹ́ tó ń ka èyí, ra ìwé kékeré kan. Lóòjọ́, kọ aago tí o dé, aago tí o lọ, bí o bá rí ìsinmi àti bí o kò bá rí i. Béèrè ìwé tí wọ́n fi ṣírò owó rẹ lóṣù yìí, kí o gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Wákàtí tí ìwọ fúnra rẹ ò bá kà, ẹlòmíràn ni yóò bá ọ kà á, bó sì ṣe bá a lára mu ni yóò ṣe kà á.